Kí A Tó Ra Agolo, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Àwo

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ọdún 13 sí 18 bá wà. Ó sì kan ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jùlọ, nítorí pé ẹ̀yin ni wọ́n máa ń tọ̀ wá nígbà tí ohun tí wọ́n fẹ́ bá jẹ́ ohun tí wọn kò lè la ẹnu sọ fún bàbá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọrọ lóde òní ni ìyẹ̀fun pùrótéènì. Ẹni tó bá mọ Súrùlérè, Yábà àti Mushin kò ní ṣe kàyéfì nípa ibi tí wọ́n ti rí i. Láti àyíká Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Súrùlérè títí dé Rowe Park ní Yábà, àwọn ọ̀dọ́ ń sáré, wọ́n ń gbé irin. Jíìmù wà lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò. Níbi tí kò bá sí owó irin, àwọn ọmọ a da sìmẹ́ǹtì sínú agolo mílíìkì, wọn a ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ láàárín, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin ọdún 15 yóò dé ibẹ̀, yóò rí ẹ̀gbọ́n àdúgbò tí àyà rẹ̀ fẹ̀, tí apá rẹ̀ ki, yóò sì rí agolo oníke ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ onítọ̀hún. Lójú ọmọ náà, agolo yẹn ló bí àyà yẹn. Kò ní pẹ́ tí yóò fi wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ra ọ̀kan."

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ náà ń jẹ láti àárọ̀ di alẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwo àbúrò rẹ̀ obìnrin tí kò béèrè nǹkan kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé, àìtó pùrótéènì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fà á ni irú oúnjẹ tí a ń sè àti bí a ti ń pín in. Bí a kò bá tún ìyẹn ṣe, agolo kan yóò tán láàárín oṣù kan, ìṣòro náà yóò sì wà níbi tó wà.

Iṣẹ́ tí pùrótéènì ń ṣe

Àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa ń pe pùrótéènì ní èròjà amúaradàgbà, orúkọ náà sì bá a mu. Iṣan, awọ ara, irun, èékánná, ẹ̀jẹ̀, àti àwọn ọmọ ogun inú ara tí ń bá àìsàn jà, gbogbo wọn ni ara ń fi pùrótéènì kọ́. Gàárì, iṣu àti ìrẹsì ń fún wa ní agbára láti ṣiṣẹ́. A lè fi wọ́n wé epo tí a rọ sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n epo kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀. Ní ọdún 13 sí 18, ọmọ ń ga lójú ẹni, egungun ń gùn, iṣan ń nípọn, nǹkan oṣù ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọbìnrin. Lẹ́yìn ìgbà tí ènìyàn wà ní ọmọ ọwọ́, kò tún sí àkókò mìíràn tí ara ń yára dàgbà tó báyìí.

Ó ti pẹ́ tí a ti mọ àìtó pùrótéènì lára ọmọ kékeré. Dókítà Cicely Williams, obìnrin ọmọ Jàmáíkà tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, kọ nípa rẹ̀ ní 1933. Ní 1935 ó lo orúkọ tí àwọn Gá ń pè é, ìyẹn kwashiorkor, àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láti 1967 sí 1970, àwòrán àwọn ọmọ tí ikùn wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tàn káàkiri ayé. Láti ìgbà náà, bí a bá gbọ́ pé ọmọ kan kò rí oúnjẹ gidi jẹ, ọmọ ọdún méjì ni ọkàn wa máa ń lọ sí.

Inú ọmọ ọdún 14 kì í sábà wú bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ máa ń fara pamọ́. Kò ní ga tó bí ó ṣe yẹ, ó lè tètè máa rẹ̀ ẹ́, egbò rẹ̀ lè máa pẹ́ kó tó jiná, àìsàn kékeré sì lè máa dá a dúbúlẹ̀ lemọ́lemọ́. Àwọn nǹkan mìíràn lè fa gbogbo ìwọ̀nyí o, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò; ṣùgbọ́n oúnjẹ wà lára ohun tó yẹ kí dókítà béèrè. Ẹ tún rántí pé ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Nígbà tí ọmọ bá fi máa dé ilé ìwé girama, kò tún rí nǹkan kan jẹ àfi ohun tí ilé bá gbé fún un àti ohun tó bá fi owó ọwọ́ rẹ̀ rà lójú ọ̀nà.

Èló ló tó?

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 14 sí 18 ni gíráàmù 0.85 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà bá wọ̀n. Ẹni tó bá wọ̀n ní kílò 50, nǹkan bí gíráàmù 43 ni tirẹ̀. Bí a bá mú ọmọkùnrin tí ìwọ̀n ara rẹ̀ wà ní déédéé, ó jẹ́ gíráàmù 52. Ọmọbìnrin, gíráàmù 46. Ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá líle lójoojúmọ́ lè nílò tó ìlọ́po kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹyin sísè kan ní nǹkan bí gíráàmù 6. Ife ẹ̀wà sísè kan ní 13. Ègé ẹja tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, láìka ìka mọ́ ọn, ní nǹkan bí 20. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan ní 7. Ife ìrẹsì sísè kan ní 4, ègé búrẹ́dì méjì ní nǹkan bí 5. Ti gàárì kò tó nǹkan rárá: gíráàmù 100 gàárì kò sábà ju gíráàmù kan tàbí méjì pùrótéènì lọ.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò ọjọ́ kan tí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó. Ọmọ jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì tí kò ní mílíìkì ní àárọ̀. Ní ọ̀sán, ó jẹ Indomie láìsí ẹyin. Ní alẹ́, ó jẹ ẹ̀bà àti ilá pẹ̀lú pọ̀nmọ́ kan. Ó ṣòro kí gbogbo rẹ̀ tó gíráàmù 25, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ náà yó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ó jẹun, ìyá yóò dáhùn pé ó jẹun dáadáa, kò sì purọ́.

Ní ti pọ̀nmọ́, èmi kò bá a jà. Ó ń dùn lẹ́nu, ó sì ń mú ọbẹ̀ kún. Pùrótéènì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n ń pè ní collagen ni. Collagen kò ní èròjà kan tí ń jẹ́ tryptophan, tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí pọ̀nmọ́ nìkan bá ni ẹran ilé, ara ọmọ kò rí gbogbo ohun tó fẹ́ fi kọ́ iṣan. Bí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin bá wà pẹ̀lú rẹ̀ lójúmọ́ yẹn, kò séwu.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a yí ọjọ́ náà padà láìlọ sí ilé oúnjẹ olówó iyebíye kankan. Ẹ̀wà ife kan pẹ̀lú ègé búrẹ́dì méjì ní àárọ̀ jẹ́ 18. Ìrẹsì ife kan àbọ̀ pẹ̀lú ẹyin kan ní ọ̀sán jẹ́ 12. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan nígbà tó dé láti ilé ìwé jẹ́ 7. Ẹ̀bà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí a fi ẹgúsí díẹ̀ sè, àti ẹja ṣáwá kan ní alẹ́, jẹ́ nǹkan bí 13. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50. Kò sí ẹran màlúù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí agolo.

Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe

Pùrótéènì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Nǹkan bí ogún èròjà kéékèèké ló para pọ̀ di í, mẹ́sàn-án nínú wọn sì wà tí a gbọ́dọ̀ rí láti inú oúnjẹ. Ẹyin, ẹja, ẹran àti wàrà ní gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ìwọ̀n tó dára. Ẹ̀wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ lysine, ṣùgbọ́n methionine rẹ̀ kéré. Àgbàdo, ìrẹsì àti àlìkámà wá jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ̀wà àti àgbàdo pa pọ̀, ohun tí ọ̀kan kò ní tó ni èkejì yóò fi kún un.

Ẹ wá wo oúnjẹ ilẹ̀ wa. Àdàlú jẹ́ ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ògì àti àkàrà, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹ̀wà aganyin àti búrẹ́dì Agége, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Kò sí ẹni tó kọ́ àwọn ìyá wa ní orúkọ lysine, ṣùgbọ́n wọ́n ti so àwọn oúnjẹ wọ̀nyí pọ̀.

Nígbà tí sáyẹ́ǹsì dé, ọ̀nà kan náà ló gbà. Ní Oṣòdì, tí kò jìnnà sí Mushin rárá, ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí FIIRO wà láti 1956. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ rí i pé ògì, tí a fi ń wean ọmọ, kò ní pùrótéènì tó, àti pé díẹ̀ nínú èyí tó ní tún máa ń bá èérí lọ nígbà tí a bá ń sẹ́ ẹ. Wọ́n po sóyà mọ́ àgbàdo, wọ́n pè é ní soy-ogi, wọ́n sì gbé ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1970. Ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ọmọ ọdún 16 má mu ún.

Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Ẹ ṣa sóyà, ẹ sè é fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àgbàdo tí ẹ ti rẹ, ìdá kan sóyà sí ìdá mẹ́ta àgbàdo. Ẹ má fo sísè yẹn o. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ikùn da pùrótéènì rẹ̀, iná ló ń pa á.

Ìmọ̀ràn yìí kan ẹyin pẹ̀lú. Àwọn ọmọ jíìmù kan a máa fọ́ ẹyin tútù sínú ife, wọn a gbé e mì, wọ́n rò pé agbára rẹ̀ pọ̀ jù ti sísè lọ. Ìwádìí kékeré kan tí wọ́n ṣe ní Belgium ní 1998 fi hàn pé nǹkan bí ìdajì pùrótéènì ẹyin tútù ni ara ń rí lò, nígbà tí ti sísè ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Ẹni tó ń mu ẹyin tútù ń da ìdajì owó rẹ̀ nù, ó sì tún lè fi kó àrùn inú.

Ta ni a ń bù ẹran fún?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyí. Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n máa ń sọ láyé àtijọ́ pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin tàbí ẹran púpọ̀ yóò di olè, nítorí pé ẹnu rẹ̀ yóò ti mọ adùn, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa wá a kiri. Nígbà tí ẹran jẹ́ ohun ọdún, tí gbogbo agbo ilé ń pín ewúrẹ́ kan, ọ̀rọ̀ náà ní ìdí tirẹ̀: wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Lónìí, díẹ̀ ni yóò sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń bù ọbẹ̀ kò tíì gbàgbé. Ìwe adìẹ ti bàbá ni. Ègé ńlá ti bàbá ni. Ọmọkùnrin àgbà tẹ̀ lé e, ìyá àti ọmọbìnrin yóò sì rí omi ọbẹ̀ àti egungun.

Bàbá ẹni ọdún 50 kò ga sí i mọ́. Ọmọbìnrin ọdún 14 ṣì ń ga, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde lára rẹ̀ lóṣooṣù. Pẹ̀lú pùrótéènì, ó nílò irin inú oúnjẹ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà, irin yìí sì wà nínú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja ní irú èyí tí ara tètè ń gbà. Bí a bá ní kí a to àwọn ará ilé nípa bí wọ́n ṣe nílò ègé ẹran náà sí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọmọbìnrin yìí yóò wà níwájú. Àwọn àgbà tó fún wa ní ìlànà ọ̀wọ̀ náà ló sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kò tàbùkù bàbá kankan bí ó bá gé ègé rẹ̀ sí méjì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí owó yín ti ń wọ inú ọbẹ̀ ilé lè sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó mú ẹja wá láti ọjà Òyìngbò máa ń ní ìwúwo díẹ̀ ní ọjọ́ tó mú un wá.

Kí ló wà nínú agolo?

Ní ti agolo fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun wọ̀nyí ni wọ́n ń pè ní whey. Bí ẹ bá ti rí àwọn ìyá Fúlàní tí ń se wàrà, ẹ ti rí whey. Nígbà tí wàrà bá dì, omi kan a ṣẹ́ kù tí wọ́n ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi yẹn ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe wàrà ní òkè òkun ń sẹ́ omi náà, wọ́n ń gbẹ ẹ́ di ìyẹ̀fun, wọ́n sì ń fi adùn kòkó tàbí fànílà sí i. Pùrótéènì gidi ni, ara sì tètè ń gbà á. Ṣíbí ìwọ̀n kan, tó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 30 ìyẹ̀fun, sábà máa ń ní pùrótéènì tó tó gíráàmù 20 sí 25. Ẹyin mẹ́rin nìyẹn, tàbí ife ẹ̀wà méjì. Kò ní agbára àrà ọ̀tọ̀ kan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tó kan àwa Yorùbá ní pàtàkì. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà ọmọdé ní Yunifásítì Èkó tó wá di mínísítà ètò ìlera ní 1985 sí 1992, wà lára àwọn tó gbé ìwádìí kan jáde pẹ̀lú Norman Kretchmer, ará Amẹ́ríkà. Wọ́n yẹ àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà wò lórí ṣúgà inú wàrà tí ń jẹ́ lactose. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn àgbàlagbà Yorùbá kò lè da ṣúgà yìí nínú, nígbà tí ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè dà á. Inú omi wàrà ni púpọ̀ nínú lactose máa ń bá lọ. Ìdí nìyẹn tí wàrà fi lè rọ ẹni kan lọ́rùn, tí whey olówó pọ́ọ́kú yóò sì mú inú rẹ̀ wú, tí yóò máa kùn, tí yóò sì máa lé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èyí tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa kò ní lactose púpọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kejì ni pé ohun tí wọ́n kọ sára agolo lè má jẹ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní 2010, ìwé ìròyìn Consumer Reports ní Amẹ́ríkà yẹ ohun mímu pùrótéènì 15 wò. Nínú gbogbo wọn ni wọ́n ti rí ọ̀kan, ó kéré tán, nínú òjé, arsenic, cadmium àti mercury. Nínú mẹ́ta, ìwọ̀n rẹ̀ kọjá ààlà fún ẹni tó bá ń mu ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Bí ó bá di dandan kí ẹ rà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹ má ra èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá. Ẹ ka ara agolo náà pẹ̀lú: èyí tí wọ́n ń pè ní mass gainer sábà máa ń jẹ́ ìyẹ̀fun ṣúgà àti sítáàṣì, pùrótéènì inú rẹ̀ kò pọ̀ tó bí àwòrán ara rẹ̀ ṣe ń ṣèlérí.

Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ náà gidigidi nípa abẹ́rẹ́ tàbí hóró oògùn tí ẹnikẹ́ni bá fi lọ̀ ọ́ ní jíìmù. Steroid tí àwọn kan fi ń fẹ iṣan lè ti ibi tí egungun ọmọ ti ń gùn pa kí àsìkò tó tó, kí ó má lè ga mọ́. Àwọn ọmọbìnrin náà ní tiwọn. Àwọn kan ń ta hóró tí ń múni sanra, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ dexamethasone tàbí cyproheptadine. Èkíní jẹ́ oògùn líle tí dókítà ń lò fún àìsàn. Ó ń mú kí omi dúró sí ojú, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì ń sọ egungun di aláìlágbára. Èkejì ń fa oorun, ó sì ń múni jẹun jù. Kò sí pùrótéènì kankan nínú àwọn méjèèjì.

Àwọn kan wà tí dókítà tàbí onímọ̀ oúnjẹ lè ní kí wọ́n lo àfikún: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti orí àìsàn, ẹni tí kò lè jẹ oúnjẹ kan nítorí pé ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ tí kò ráyè jẹun. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè. Ilé ìwòsàn LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ibùdó àwọn alárùn fòníkú-fọ̀ladìde sì wà ní Ìdí-Àràbà kan náà. Ẹni tó ń gbé Mushin tàbí Súrùlérè kò jìnnà sí ibi tí yóò ti béèrè.

Ọ̀rọ̀ owó

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: ẹ̀wà náà ti di góòlù. Kò purọ́. Ní ìparí ọdún 2024, ìṣirò àjọ NBS fi hàn pé kílò ẹ̀wà olóyin ti ju ìlọ́po mẹ́ta iye tó jẹ́ ní ọdún tó ṣáájú lọ. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí ìṣirò fi yẹ kí a tó náwó. Ẹ gbé iye owó agolo náà kalẹ̀, ẹ pín in sí iye ṣíbí ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí ni iye gíráàmù 20 sí 25 pùrótéènì. Ẹ wá béèrè iye ẹyin mẹ́rin lọ́jà Ojúwòyè tàbí Tẹ́júoṣó, iye ẹ̀wà tí a lè sè di ife méjì, iye ẹja ṣáwá tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń tọrọ agolo náà ṣe ìṣirò ọ̀hún fúnra rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ yóò yé e ju ìbáwí wa lọ.

Ọ̀nà mìíràn wà láti dín owó kù. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè dá owó jọ ra àpò ẹ̀wà kan kí wọ́n pín in. Sóyà sábà máa ń ní pùrótéènì ju ẹ̀wà lọ. Gíráàmù 100 rẹ̀ ní nǹkan bí 36, ti ẹ̀wà gbígbẹ jẹ́ nǹkan bí 24. Ẹdé lílọ̀ ṣíbí kan nínú ọbẹ̀ kì í ṣe òórùn dídùn nìkan, pùrótéènì ni. Kúlíkúlì nínú gàárì tí a rẹ sàn ju ṣúgà nínú rẹ̀ lọ.

Kí ọmọ náà má sì torí pùrótéènì kọ ẹ̀bà àti iṣu sílẹ̀. Bí oúnjẹ agbára kò bá tó, ara yóò sun pùrótéènì bí epo, iṣan kò ní rí i lò. Èyí tó bá sì ju ìwọ̀n lọ kì í di iṣan. Ara yóò sun ún tàbí kí ó fi ṣe ọ̀rá, yóò sì da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ìtọ̀. Ohun tó ń mú iṣan nípọn ni irin tó ń gbé, oúnjẹ tó tó, àti oorun tó sùn. Ẹ̀gbọ́n àdúgbò tí àyà rẹ̀ fẹ̀ yẹn ti lè lo ọdún mélòó kan lórí irin kó tó ra agolo àkọ́kọ́.

Nítorí náà, bí àbúrò yín bá tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má lé e. Inú rere ni pé ó fẹ́ tọ́jú ara rẹ̀. Ẹ mú un lọ sọ́jà ní Sátidé, kí ẹ fi owó tí ẹ bá ní lọ́wọ́ ra ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀pà tí yóò lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ẹ bá sì ń bù oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ bù ti àbúrò rẹ̀ obìnrin kí ẹ tó bù ti ara yín. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ti ọmọbìnrin náà sì ni àwọ̀ pẹ̀lú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.